Ọ̀pọ̀lọ́ Inú Orí

Kò sí ẹnikẹ́ni lórí ọ̀pẹ náà nígbà tí ìdì ẹyìn já. Atẹ́gùn kò fẹ́. Merveille, ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ẹyìn tó ti jábọ́ sínú ike, ni ìdì ẹyìn odidi bá wá láti òkè, ó bà á ní ẹ̀gbẹ́ orí. Ó ṣubú. Ó dìde. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ọ̀pẹ yín lù mí o. Ẹ bá a wí."

Fádèyí, bàbá tó bí bàbá rẹ̀, bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni kò lè dárí rẹ̀ ji ara rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ náà ti bì lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní méjì-méjì lòun ń rí ohun gbogbo. Ó ní oorun ń kun òun. Nígbà tí Fádèyí pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta tí kò dáhùn, ó já a léèékánná lápá, ọmọ náà sì kérora bí arúgbó.

Oníṣègùn ni Fádèyí ní Issaba. Àwọn ènìyàn ń ti Kétou wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ kò ṣí àpótí òògùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tọ́jú Fẹ̀sọ̀jayé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, bàbá Merveille. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ló fi tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n sin ín. Nítorí náà, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó gun zémíjàn, ó ní kí ọlọ́kọ̀ alùpùpù náà máa sáré lọ sí Pobè.

*

Dókítà ilé ìwòsàn náà kéré lọ́jọ́ orí. Pacôme ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Fọ̀n láti ìhà Bohicon. Yorùbá tó ń sọ, ẹnu àwọn aláìsàn ló ti ṣà á jọ bí ẹni ń ṣa ìgbín. Ó tan iná kékeré sí ojú ọmọ náà, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ó pẹ́ lórí èkejì. Lẹ́yìn èyí ó bá Fádèyí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, egungun orí sán díẹ̀, ìyẹn kọ́ ni wàhálà. Ọ̀pọ̀lọ́ ló wú."

"Kí ló wú?"

"Ọ̀pọ̀lọ́. Nínú orí, níbí." Ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó mú ohun kékeré kan, ó sì ń là wọ́n díẹ̀díẹ̀. "Ó ń wú, ó ń wú, kò sí àyè fún un. Egungun kò lè fẹ̀ sí i. Bó bá wú jù, yóò gba ihò ọrùn sọ̀kalẹ̀, èémí á sì dúró."

Fádèyí fara ti ògiri. Kì í ṣe pé ó ṣiyèméjì. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé dókítà kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó kàwé Faransé, tó wọ aṣọ funfun, bá la ẹnu sọ ọ́ láìfi ohunkóhun bò ó, a jẹ́ pé ó ti rí i.

"Ẹ fi ojú yín rí i?"

"Àmì rẹ̀ ni a rí, bàbá. Inú ẹyinjú rẹ̀ ló wà."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?"

"Omi iyọ̀. Omi iyọ̀ tó le gan-an la ó fà sínú iṣan rẹ̀. Iyọ̀ ló ń fa omi kúrò lára rẹ̀, tí yóò fi sún kì."

Iyọ̀. Ọmọdé wo ni kò mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ọ̀pọ̀lọ́? Fádèyí tún ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò láti òkè délẹ̀.

"Ta ló kọ́ yín níyẹn?"

"Cotonou ni mo ti kọ́ ọ."

"Wọ́n ń kọ́ ọ ní Cotonou?"

"Ọdún méje gbáko, bàbá."

Fádèyí mi orí. Ọdún méje náà lòun fi kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Igana.

Khadidja, obìnrin olùtọ́jú aláìsàn tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣòwò ní Sakété, ti gbé orí ibùsùn ọmọ náà sókè díẹ̀. Ó ká aṣọ sí ọ̀tún àti òsì orí rẹ̀ kí ó má baà yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ó fi lé Fádèyí lọ́wọ́.

"Ẹ bá a tọ́jú rẹ̀, bàbá. Kò gbọdọ̀ sí nǹkan kan lọ́rùn rẹ̀. Ẹ má pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má fún un lómi mu. Dókítà ti pe Porto-Novo, ṣùgbọ́n ọ̀nà yóò gbọ̀n ọ́n jù báyìí. Ó di ìgbà tó bá rọlẹ̀ díẹ̀."

Fádèyí mú ìlẹ̀kẹ̀ náà dání. Ó wo ọrùn ọmọ náà. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn.

*

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni Bàbá Igana, ọ̀gá rẹ̀, ní. Fádèyí ni ọ̀kan, Ògúntúndé ará Takon ni èkejì. Bàbá Igana kì í kọ́ ènìyàn méjì ní iṣẹ́ kan náà. Ohun tó bá fi lé ẹni yìí lọ́wọ́, kò ní fi lé ẹni yẹn. Lọ́jọ́ tí Fádèyí gba ìyọ̀ǹda, ọ̀gá rẹ̀ fà á mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ sí i létí: "Èyí tó jẹ mọ́ ọ̀pọ̀lọ́, mo ti fún ẹnìkejì rẹ. Máa ṣọ́ ọ."

Ọdún kẹrìndínlógójì rèé tó ti ń ṣọ́ ọ. Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ké lẹ́yìn òjò, ara rẹ̀ a bù máṣọ. Nígbà tí Fẹ̀sọ̀jayé kú tí Ògúntúndé mú aṣọ funfun wá síbi ìsìnkú, Fádèyí ju aṣọ náà síta lójú gbogbo ayé. Ó ní, "Apani kì í bá ni sin òkú." Ògúntúndé ṣa aṣọ rẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn kò tún fojú kan ara wọn.

Báyìí ọ̀pọ̀lọ́ ti dé orí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ta ló tún kù tí yóò fẹ̀sùn kàn?

Ní ọjọ́ kejì, ó padà sí Issaba. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń rò pé òru ni irú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe ń jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, nígbà tí òjìji ènìyàn bá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò rí ibi sá sí. Ohun tó pò, ohun tó pè, a kò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Kí a sáà sọ pé nígbà tó ń ṣe é, gbogbo adìẹ agbo ilé wọ ilé wọn lọ bí ẹni pé ilẹ̀ ti ṣú. Ajá aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, ó sì dákẹ́ láàárín gbígbó.

Ohun tó jáde níbẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, a fi awọ dì í. Yóò sùn sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí wọ́n rán an sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ní ọ̀sán gangan, yóò jí. Èèwọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí ẹni tí wọ́n rán an sí bá mọ́, kò ní í padà sórí ẹni tó rán an. Yóò lọ bá ọmọ tó kéré jù nílé ẹni tó rán an.

Fádèyí rántí èèwọ̀ náà. Kò bẹ̀rù. Ó dá a lójú.

*

Ògúntúndé wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Takon, ó ń bó gbágùúdá, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn sí i lójú.

"Háà! Fádèyí! Ibo ni oòrùn gbà yọ lónìí?"

"Mo ń kọjá lọ ni."

"Ta ní ń gba Takon kọjá lọ? Lọ síbo? Igbó ló kàn." Ó rẹ́rìn-ín, eyín iwájú kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu. "Mo gbọ́ nípa ọmọ náà. Ṣé ó ti jí?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Àwọn ọlọ́kọ̀ alùpùpù ni. Ṣé ẹnu tiwọn ní bíréèkì ni?"

Fádèyí tẹjú mọ́ ọn. "Ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n rí nínú orí rẹ̀."

Ọ̀bẹ dúró lára gbágùúdá. "Ta ló rí i?"

"Dókítà. Ó ní ó ń wú."

Ògúntúndé gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Kí lo wá ṣe nílé mi, Fádèyí? Ṣé èmi lo fẹ́ fi kún un ni? Ìwọ ni Bàbá fún ní ti ọ̀pọ̀lọ́. Ó sọ ọ́ sí mi létí lọ́jọ́ tí mo gba ìyọ̀ǹda. Ó ní kí n máa ṣọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rù rẹ."

Irọ́ náà dára. Ohun tí Fádèyí rò nìyẹn. Irọ́ tó rí roboto, tí ènìyàn kò rí ibi dì mú. Ó yí padà bí ẹni fẹ́ máa lọ, fìlà rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Iyẹ̀pẹ̀ gba ohun tó bá fìlà lọ.

"Ó dìgbà," ló wí.

Fìlà náà ni Ògúntúndé ń wò.

*

Alẹ́ ọjọ́ náà, ní Pobè, Khadidja fún un ní ìròyìn rere. Omi iyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tẹ èékánná ọmọ náà, ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Fádèyí tẹ́ ẹní sí àgbàlá, ṣùgbọ́n kò sùn. Ọ̀rọ̀ dókítà ló ń dún létí rẹ̀: *yóò gba ihò ọrùn sọ̀kalẹ̀.* Bí iyọ̀ bá ń lé e nínú orí, ibo ni yóò sá gbà? Ọ̀nà kan náà ni. Ta ló wá ń ṣọ́ ọ̀nà náà?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, nígbà tí wọ́n ń gbá ilẹ̀, tí Khadidja lọ gbé omi, Fádèyí wọlé. Okùn òwú dúdú kan wà lápò rẹ̀, ońdè kékeré wà láàárín rẹ̀. Ó so ó mọ́ ọmọ náà lọ́rùn. Kókó mẹ́ta. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fà á le, nítorí ilẹ̀kùn tí kò bá sé dáadáa, ilẹ̀kùn kọ́ ni. Ó fa aṣọ bò ó dé àgbọ̀n.

"Kò ní gba ibí kọjá," ló sọ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ìyá àgbà mi, sùn. Bàbá rẹ ti ti ilẹ̀kùn."

*

Kò pẹ́ púpọ̀. Ariwo kan dún nínú yàrá náà, kì í ṣe ti ọmọ. Ariwo ẹ̀rọ ni. Jádesọ́lá, ìyá Merveille, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọjà Porto-Novo, ẹrù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá dókítà tó ń sáré kọjá lára rẹ̀, ó sì sáré tẹ̀ lé e. Fádèyí náà wọlé.

Dúdú inú ẹyinjú ọmọ náà kan kéré. Dúdú inú èkejì ti fẹ̀, ó fẹjú rangandan, kò sì mọ̀ pé iná ń bẹ. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Iṣan iwájú orí rẹ̀ yọ bí gbòǹgbò.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ó ti ń dára!" Pacôme ń po Faransé mọ́ Yorùbá. "Ọ̀pọ̀lọ́ tún ń wú! Khadidja, ọ̀pọ̀lọ́ ń wú sí i!"

"Ọpọlọ, dókítà!" Khadidja ń já ike omi iyọ̀ mìíràn. "Mo ti ń wí i fún yín. Ọpọlọ ni ti inú orí. Ọ̀pọ̀lọ́ ni èyí tó ń fò nínú ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ kan ẹ máa dẹ́rù ba ènìyàn pa!"

Fádèyí gbọ́ ọ. Ó dà bí ìgbà tí ilẹ̀ yà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́.

Khadidja ká aṣọ kúrò lára ọmọ náà. Ó ké. "Ta ló so èyí?"

Okùn náà ti wọ inú ẹran ọrùn lọ.

"Ẹ̀jẹ̀ tó gòkè lọ sí orí, ọrùn ló ń gbà padà!" ni Pacôme ń wí, ó ń wá sísọ́ọ̀sì. "Ta ló di ọ̀nà? Ta ló di í?"

"Ẹ má fi irin kàn án!" Ohùn Fádèyí le débi pé gbogbo wọn dúró. "Èmi ni. Bí irin bá gé e, ohun tó wà nínú rẹ̀ á wọlé. Ẹni tó so ó ni yóò tú u."

"Ẹ yáa tú u!"

Ìka rẹ̀ ti gbó. Kókó kìíní tú. Ìkejì kọ̀. Ó tẹrí ba, ó fi eyín mú un, ẹnu rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọmọ náà, ó sì ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń já, tó ń dúró, tó tún ń já. Ìkejì tú. Ìkẹta tú. Jádesọ́lá dúró ní ìpẹ̀kun ibùsùn, ojú bàbá ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń wò.

Omi iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Wọ́n tún orí ọmọ náà gbé sókè, wọ́n tò ó gún régé.

"Ní báyìí, ká máa wò ó," ni Pacôme wí. "Wákàtí kan. Bóyá méjì."

Fádèyí wo ojú fèrèsé. Òjìji igi máńgòrò inú àgbàlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú.

Bí kò bá sí ọ̀pọ̀lọ́, kò sí ẹni tó rán an. Bí kò bá sí ẹni tó rán an, ẹni mímọ́ ni ohun tí òun sin sí Takon ń dúró dè. Ọmọ ilé òun tó kéré jù sì nìyí, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò lè sá.

Ó sáré jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ló gbọ́ ohùn Jádesọ́lá: "Ibo lẹ ń lọ? Bàbá mi, nísinsìnyí? Ibo lẹ ń lọ?"

*

Ní Takon, Ògúntúndé jókòó sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Igbá kan dojú dé iwájú rẹ̀. Kò sí ènìyàn mìíràn nínú agbo ilé náà; ó ti lé gbogbo wọn lọ.

"O pẹ́," ló wí.

Fádèyí sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí igbá náà.

"Má fọwọ́ kàn án. Ó ti ń jí." Ògúntúndé gbójú sókè. "Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, fìlà kò bọ́ lórí rẹ rí. Mo wú u jáde nínú iyẹ̀pẹ̀ kí o tó dé ojú títì. Mo lè ti dá a padà. Mo mọ ibi tó máa lọ."

"Kí ló dé tí o kò dá a padà?"

"Ọmọ ọdún méje?" Ó tutọ́ sílẹ̀. "Àní o kò mọ̀ mí rárá."

Òjìji Fádèyí kò ju ìka mẹ́ta lọ mọ́. Nínú igbá náà, ohun kan kàn án lẹ́ẹ̀kan, pẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń fi ìka kan ilẹ̀kùn.

"Ẹnu ẹni tó rán an nìkan ló lè pa á," ni Ògúntúndé wí. "Sọ ohun tí o ṣe."

Fádèyí kúnlẹ̀. Ó sọ ọ́. Ó sọ ti ọ̀rọ̀ dókítà, ti ọ̀sán Issaba, ti fìlà. "Mo rán an. Mo gbà á padà."

Igbá náà kò dákẹ́. Ó ń mì báyìí, etí rẹ̀ ń gbọ̀n lórí iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ̀ka lo gé yẹn. Gbòǹgbò ń bẹ. Ohun tí o wí níbi ìsìnkú ọmọ rẹ, Fádèyí. Ibẹ̀ ló ti hù."

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Wo òjìji rẹ."

Ìka méjì. Fádèyí la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ọdún mẹ́ta ló fi gbé ìgbé ayé lórí gbólóhùn kan yẹn. Òun ló ń jẹ, òun ló fi ń sùn. Bó bá yọ ọ́ kúrò, kí ni yóò kù nídìí rẹ̀?

"Ìwọ kọ́..." Ó dúró. "Bí kì í bá ṣe ìwọ, ta ni?"

Ògúntúndé tọ́ka sí òjìji náà.

"Wọ́n ní kí n gbé ọmọ mi lọ sí Pobè," ni Fádèyí wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ní ọjọ́ kẹta. Jádesọ́lá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Mo ní kó jáde níwájú mi. Ọjọ́ mọ́kànlá. Mo rí i pé òògùn mi kò ràn án, mo sì ń fún un sí i." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ilẹ̀. "Ìwọ kọ́ lo pa Fẹ̀sọ̀jayé. Èmi ni mo dá a dúró sílé."

Ìgbà wo ni igbá náà dákẹ́? Àwọn méjèèjì kò lè sọ bóyá kí ọ̀rọ̀ náà tó parí ni, tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Oòrùn dúró sí agbede méjì orí wọn. Fádèyí wo abẹ́ ara rẹ̀, kò rí òjìji rẹ̀ mọ́. Kò sí adìẹ tó ké. Kò sí ewé tó mì.

Lẹ́yìn náà, tẹlifóònù rẹ̀ dún.

Ó dún, ó dún. Ògúntúndé ló wí níkẹyìn pé, "Gbé e."

"Bàbá mi." Jádesọ́lá ni. Ó ń mí bí ẹni tó sáré. "Ojú rẹ̀ méjèèjì ti dọ́gba. Mo fi ìka mi sí i lọ́wọ́, ó dì í mú. Dókítà ní ká má tíì yọ̀, ṣùgbọ́n ó dì í mú."

Fádèyí tẹ tẹlifóònù náà mọ́ etí.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá síbí mọ́. Bó bá sàn, èmi ni yóò mú un lọ sí Porto-Novo. Kò ní gbé Issaba mọ́. Ẹ má bínú sí mi."

"N kò bínú."

Ó pa tẹlifóònù. Ó dì í mọ́wọ́.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Ògúntúndé bèèrè.

"Ó di ìka ìyá rẹ̀ mú."

"A dúpẹ́. Kí ni wọ́n tún wí?"

Fádèyí wo ọ̀nà tó lọ sí Pobè, tó funfun nínú oòrùn, tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n kí ọ."

Ògúntúndé wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bá mi kí wọn padà."